Má Jẹ Oúnjẹ Ọwọ́ Rẹ̀

Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó pa kóòṣì. Ọkùnrin tó fọn fèrè láàárọ̀, tó ń pariwo "Gbẹ́sẹ̀! Gbẹ́sẹ̀!" lé àwọn ọmọ lórí pápá, kí oòrùn tó mú, ó ti nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà funfun.

Aránṣọ ní òun mọ̀ ọ́n. Alẹ́ àná ni kóòṣì sọ lójú gbogbo ilé pé Ẹtu, ọmọ aránṣọ, ló máa wọ ẹgbẹ́ asáré agbègbè. Orogún aránṣọ, tí wọ́n ń pè ní Ìyàwó, wà níbẹ̀; ọmọ tiẹ̀ náà, Adúmáadán, ń sáré. Ìyàwó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Ilẹ̀ mọ́, kóòṣì kú. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Ká má parọ́, owú ni. Láti ọjọ́ tí Ìyàwó ti wọlé wọn ni bàtà tuntun rẹ̀ ti ń ta aránṣọ lójú, tí ẹ̀rín rẹ̀ sì ń ta á létí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òwìwí bà sórí òrùlé Ìyàwó, ó ń ké. Aránṣọ yọjú lójú fèrèsé. Obìnrin mẹ́ta nínú aṣọ funfun ló forí korí lẹ́yìnkùlé, Ìyàwó wà láàárín wọn.

"Ìkòkò ńlá la máa gbé kaná," ni ọ̀kan wí. "Àwọn ọmọ náà pọ̀."

Ẹ̀rù ba aránṣọ dé egungun.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣí ibùdó tí wọ́n ti ń ṣa àwọn asáré. Ọjọ́ mẹ́ta làwọn ọmọ máa sùn níbẹ̀. Bí Ẹtu ò bá wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá nìyẹn. Àfi bí aránṣọ ṣe dé géètì tó rí Ìyàwó nínú aṣọ funfun, ṣíbí gbọọrọ lọ́wọ́: òun ni wọ́n gbà pé kó máa se oúnjẹ. Ẹlòmíì ì bá ti rí i pé aṣọ alásè ni, kó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Owú kì í jẹ́ kéèyàn ríran.

"Má jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀," ó sọ fún Ẹtu. "Omi rẹ̀ pàápàá, má mu ún."

"Màámi, kí wá ni kí n máa jẹ?"

"Bísíkíìtì rèé. Rọra máa jẹ ẹ́."

Obìnrin tó ń ṣa àwọn ọmọ ti là á mọ́lẹ̀ fáwọn òbí: "Ẹni tó yára lónìí nìkan kọ́ là ń wá. Ẹni tó bá ṣì lágbára lọ́jọ́ kẹta la máa mú."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ẹtu ló ṣíwájú. Aránṣọ jó lẹ́yìn ọgbà wáyà. Lọ́jọ́ kejì, ó di ẹnì kẹrin, Adúmáadán sì wà níwájú rẹ̀.

"Àjẹ́ yẹn ti ń fà á lẹ́sẹ̀!" Aránṣọ pe ọmọ rẹ̀ sétí wáyà. "O ò jẹ ẹ́, àbí?"

Ètè Ẹtu ti gbẹ. "Bísíkíìtì ti tán, Màámi."

"Fara dà á. Ó ku ọ̀la."

Lọ́jọ́ kẹta, ní kọ́nà, orúnkún Ẹtu yẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Aránṣọ ò tiẹ̀ lọ síbi ọmọ rẹ̀. Ilé ìdáná ló sáré gbà lọ, ó fún Ìyàwó lọ́rùn aṣọ.

"Àjẹ́! O pa kóòṣì, o tún fẹ́ pa ọmọ mi! Ta lẹ fẹ́ sè nínú ìkòkò ńlá yẹn?"

"Ìrẹsì ni o!" ni obìnrin kejì tó wọ aṣọ funfun figbe ta.

Nọ́ọ̀sì ibùdó ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo ń tọ́jú kóòṣì yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, kì í loògùn. Ti ọmọ yìí, ebi ni. Òùngbẹ sì ni. Ta ló ní kó má jẹun?"

Aránṣọ tú ọwọ́ kúrò lọ́rùn aṣọ Ìyàwó.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń bu tiẹ̀ pamọ́," Ìyàwó wí, omi lójú rẹ̀. "Ìyálé mi, ó ní òun ti yó ni."

Wọ́n pe orúkọ àwọn tó wọlé. Adúmáadán wà níbẹ̀. Owú tún gún aránṣọ láyà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò rí ẹni tó máa dì í rù.

Ó bá Ẹtu lórí bẹ́ẹ̀dì nọ́ọ̀sì. Ìyàwó gbé abọ́ kan wọlé, ó ṣí i, ó sì jáde láìsọ̀rọ̀. Ẹtu mú ṣíbí. Ó bù ú dé ẹnu, ó dúró, ó wo ojú ìyá rẹ̀.

"Màámi, ṣé kí n jẹ ẹ́?"