Ìpéǹpéjú Àǹtí Aránṣọ

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ la ojú yín sí i. Mo fẹ́ tẹ fóònù.”

“Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyí, ọmọ ìyá mi. Àbí kí n fi igi tì í?”

Dígí kò rẹ́rìn-ín. Dígí ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin yìí ní ilé ẹ̀kọ́, torí kò sí fèrèsé mọ́tò tí yóò kọjá lára rẹ̀ tí kò ní dúró wo ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó ya fọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà: aránṣọ tó lóyún oṣù méje, tó jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀ bí aṣọ fèrèsé. Àrùn kan tó ṣọ̀wọ́n ló ń bá a jà. Agbára tó yẹ kí ara fi dáàbò bo ara rẹ̀ ló yíjú padà, tó ń dí iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí iṣan lọ́wọ́. Bí ó bá ránṣọ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á rọ. Bí ó bá sọ̀rọ̀ pẹ́, ahọ́n rẹ̀ á wúwo. Oyún tún wá mú un le sí i. Oògùn ló ń gbé e dìde, àmọ́ dókítà ti kìlọ̀ pé ẹyọ kan ni lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé.

Nítorí pé kò rọrùn fún un láti gbé nǹkan mì, Dígí ló ń fi ṣíbí méjì lọ oògùn náà kúnná, tó ń pò ó mọ́ omi. Ó máa ń yangàn fún ìyá wọn pé òun ni nọ́ọ̀sì ilé.

Àfi bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣe rí fọ́tò náà láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́. “Ẹ̀gbọ́n ẹ nìyí? Ṣé ó ti mutí yó ni?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Dígí náà bá wọn rẹ́rìn-ín, èyí tó burú jù níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí onífọ́tò ń bọ̀ wá ya aránṣọ tòun ti oyún rẹ̀, Dígí ronú bí ọ̀jọ̀gbọ́n: bí ẹyọ kan bá la ojú dé ìdajì, mẹ́ta á là á tán. Ó lọ mẹ́ta.

“Omi yìí mà korò lónìí o.”

“Ẹ gbé e mì jàre, Àǹtí. Onífọ́tò ti dé ẹnu ọ̀nà.”

Ojú là lóòótọ́. Onífọ́tò fi ariwo yìn ín. Dígí gbé fọ́tò náà sórí fóònù lójú ẹsẹ̀, ó jókòó, ó ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń sọ. Kò tíì kà á tán tí itọ́ fi ń dà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òógùn bò ó, tí orí rẹ̀ ṣubú lé máṣíìnì.

Ní ọsibítù, dókítà kọjú sí Dígí. “Ìwọ lò ń fún un lóògùn. Ẹyọ mélòó lo fún un lónìí?”

Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wò ó. Dígí tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. “Ẹyọ kan ni, sà.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú, sà. Èmi kì í ṣe ọmọdé.”

Dókítà gbà pé àrùn náà ló le sí i, ó sì fi abẹ́rẹ́ fún un ní irú oògùn kan náà sí i. Bẹ́ẹ̀ oògùn yìí, bí ó bá pọ̀ jù, á sọ iṣan di aláìlágbára bí àrùn náà gan-an. Èémí aránṣọ dúró. Wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí. Ìgbà náà ni Dígí tó figbe ta: “Mẹ́ta ni! Mo kàn fẹ́ kí ojú wọn là ni!”

Òtítọ́ náà bá aránṣọ láàyè. Kò bá ọmọ inú rẹ̀ láàyè.

Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà náà, aránṣọ fọwọ́ wá ikùn rẹ̀, ó bá a pẹlẹbẹ. Ìyá wọn ti Dígí síwájú. “Nọ́ọ̀sì ilé, ó yá, sọ ọ́ fún un.”

Dígí sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fèsì, ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀.

“Pé ojú mi ń tì ọ́, mo ti mọ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àbúrò mi. Ìgbà kejì yẹn, ta lo tún ń ṣe ẹwà fún?”

Bí o bá ṣe àṣìṣe lórí oògùn aláìsàn, sọ ọ́ kíákíá, bó ti wù kí ojú tì ọ́ tó. Ìtìjú ìṣẹ́jú díẹ̀ ni Dígí ń sá fún. Ẹ̀mí ọmọ inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi san owó rẹ̀.