Ìpè Kẹta

Ọyẹ́ ti mú kí ètè gbogbo ọmọ kíláàsì náà gbẹ, àmọ́ omi ń kán tó, tó, lára bẹ́ǹṣì Munachi.

Sàfúrátù, tíṣà wọn ní Olódì-Àpápá, fi àkísà nù ún. Ìtàn tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ló máa ń kà fún wọn ní gbogbo Fúráídè. Ó gbà pé bí ọbẹ̀ ni ìtàn ọmọdé: òótọ́ ni ẹran, irọ́ ni iyọ̀. Torí ẹ̀, àwọn tírélà Creek Road wà níbẹ̀, àkàrà ìyá Onoriode wà níbẹ̀, ó sì fi Munachi fúnra ẹ̀ sí i kínú ọmọ náà lè dùn. Irọ́ kan ṣoṣo tó bù sí i ni obìnrin kan tó ń jáde látinú ọ̀sà, tí ìró tó ró mọ́dìí tutù rinrin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń pe èèyàn. Ẹni tó bá dáhùn ìpè kẹta, ó di Snake Island, erékùṣù òdìkejì omi, kò ní bọ̀ mọ́.

"Anti, that woman no get towel?" Linus bi í.

"Ó ní in. Ìwọ lo máa bá a sá a."

Ó ti ka ìpè kejì tán nígbà tí Munachi rọra wá bá a nídìí tábìlì.

"Anti, màmá kan ń pè mí létí omi. Ìró ẹ̀ tutù. Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì."

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ Sàfúrátù. "Kí ló dé tí ò tíì pè ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta?"

"Ẹ ò tíì kà á débẹ̀."

Ó kọ́kọ́ fẹ́ ya ìwé náà. Àmọ́ ìtàn tí wọn ò bá parí, ẹni inú ẹ̀ ò lè lọ sílé. Ó bá mú báírò, ó pa orúkọ Munachi rẹ́ látòkèdélẹ̀, ó kọ tiẹ̀ sí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣebí òun ló ni ìwé, òun ló ni báírò.

Nígbà tí Fúráídè tó tẹ̀lé e dé, ó kà á sókè ketekete: "Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta: 'Sàfúrátù!' Sàfúrátù ò dáhùn. Obìnrin náà bá yí padà, ó wọ omi lọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bẹ́ǹṣì Munachi gbẹ táútáú. Sàfúrátù pa ìwé dé, ó kọ ẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu pátákó.

"Anti Tíṣà," ẹnì kan pè é látẹ̀yìn, jẹ́jẹ́, bí òbí tó wá mú ọmọ.

"Mà!"

Ó ti dáhùn kó tó rántí ìpè kẹta. Ta ló ń pe tíṣà lórúkọ ládùúgbò yẹn? Obìnrin ọ̀sà náà mọ ẹ̀kọ́ ilé.

Omi tutù kan àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀. Gbogbo kíláàsì ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Anti," Linus sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "she don bring towel."