Ọ̀dà Kì Í Ṣáájú Sípánà

Ọmọbìnrin kan fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja lórí páálí lábẹ́ píkọ́ọ̀pù, ìpẹtà ń já bọ́ sí i létí. Ọkọ̀ náà ṣe ẹ̀gbọ́n fún un dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni òun. Ọkọ̀ ti ń ru pákó kí ìyá rẹ̀ tó lóyún rẹ̀.

"Ojú-mi, ó ku mélòó?" Bàbá rẹ̀ ló ń béèrè láti ìdí táyà. Mẹkáníìkì ni bàbá náà, ó sì ti tó ọdún méjì tí ojú ti ń dùn ún. Láti ìgbà náà ló ti ń pe ọmọ rẹ̀ ní Ojú-mi. Ó ṣì ń rí ẹni tó ń bọ̀, ó ń mọ funfun yàtọ̀ sí dúdú, ṣùgbọ́n kì í rí ẹnu nọ́ọ̀tì mọ́. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá mọ̀, ọmọ ló ń bá a wò ó.

"Ó ku ẹ̀gbẹ́ òsì, bàámi."

Ọkùnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Alápákó ló ni ọkọ̀. Ọ̀nà tó ń gbà lọ kó gẹdú ti di gbágungbàgun, ikùn ọkọ̀ a sì máa ha òkúta. "Ọ̀gá, ẹ bá mi gbé e ga," ló wí. "Àyà ló ń fi fà bí ejò. Mo fẹ́ kó máa rìn bí ẹṣin."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gbé e ga. Wọ́n ki búlọ́ọ̀kù irin bọ àárín sípíríǹgì àti ọ̀pá tó gbé táyà ẹ̀yìn, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì gígùn rọ́pò kúkúrú, wọ́n sì pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì kí gíga tuntun má baà fà á já. Bóòtù gígùn méjì tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ló di gbogbo rẹ̀ mú ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀tì mẹ́rin sì ni wọ́n fi dè é.

Òfin kan wà nínú ọgbà náà. Wọ́n á kọ́kọ́ fi sípánà lásán dè é díẹ̀. Wọ́n á sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí táyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, tí wọ́n á fi gbogbo agbára dè é pa. Ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n tó lè fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fa ìlà ọ̀dà funfun láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Bí ìlà bá pín sí méjì lọ́jọ́ iwájú, a jẹ́ pé nọ́ọ̀tì ti yí. Ìlà funfun yìí ni bàbá náà ń rí. "Ọ̀dà kì í ṣáájú sípánà," ló máa ń wí.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti pé. Bí ọmọbìnrin náà ṣe ń na ọwọ́ sí páìpù láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òsì, ohùn dún lẹ́nu géètì. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ mẹ́ta ni, aṣọ wọn funfun kinkin. Ọjọ́ náà ni gbogbo kíláàsì fẹ́ ya fọ́tò ìkẹyìn kí ìdánwò àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Ẹ́ńjìnnì," ọ̀kan pè é, "oníṣẹ́ fọ́tò ti fẹ́ lọ o."

"Ẹ fi í sílẹ̀," èkejì dá a lóhùn. "Ó ti rí ọkọ fẹ́. Ẹ ò rí i lábẹ́ rẹ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ̀ ọ́ lára ju ìpẹtà lọ. Ó wo nọ́ọ̀tì mẹ́rin náà. Wọ́n ṣáà ti mú díẹ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun yóò dè wọ́n pa bí òun bá dé. Ló bá mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fa ìlà mẹ́rin.

"Ó ti tán, bàámi."

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó rí funfun mẹ́rin. "O ṣeun, Ojú-mi. Lọ fọ ọwọ́ rẹ."

Nígbà tó padà dé láti ibi fọ́tò, ojú ibi tí ọkọ̀ wà ti ṣófo, àpá epo nìkan ló kù.

"Alápákó ti wá gbé e," ni bàbá rẹ̀ wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ó ní òun ń wo orí ilé àwọn ènìyàn báyìí."

"Bàámi, àwọn nọ́ọ̀tì yẹn..."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

Fóònù wà lápò bàbá rẹ̀. Ìpè kan ni ì bá ná an. "Kò sí nǹkan," ló wí.

Láti ọjọ́ náà ni ìlà funfun ti ń tẹ̀ lé e. Ó rí i láàárín ọ̀nà. Ó rí i lórí pátákó ìkọ̀wé. Ní gbọ̀ngàn ìdánwò, ó wo ìlà inú ìwé ìdáhùn títí tí olùṣọ́ ìdánwò fi bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n wọ́ píkọ́ọ̀pù náà wọ ọgbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì ti kó sí kòtò. Ẹsẹ̀ Alápákó ṣẹ́ ní ibi méjì.

Àwọn ènìyàn ní ẹrù ló pọ̀ jù. Bàbá rẹ̀ mú sípánà. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbọ́ tí sípánà kan nọ́ọ̀tì, ó sì gbọ́ bí nọ́ọ̀tì ṣe yí wọ́ọ́rọ́, láìkùn rárá. Kí ó tó yí i, ìlà funfun orí rẹ̀ kò tíì pín. Ìlà tó ṣì pé lórí nọ́ọ̀tì tó dẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló lè fà á.

Bàbá jáde, ó nu ọwọ́, kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àbúrò Alápákó wá béèrè ọ̀rọ̀, ó ní, "Èmi ni mi ò dè é dáadáa. Ẹ̀bi mi ni."

Kò bá ọmọ rẹ̀ wí. Ohun tó ṣe kò ju pé kò pè é ní Ojú-mi mọ́. "Ìwọ ọmọ yìí" ló ń pè é. Àwọn oníbàárà dín kù. Wọ́n ní afọ́jú kì í tún ọkọ̀ ṣe.

Píkọ́ọ̀pù wà nínú ọgbà, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń tẹ́tí. Bí oòrùn bá ti mú un, irin rẹ̀ a máa dún: kò, kò, kò. Ọmọbìnrin náà a máa gba ẹ̀yìn ilé kọjá, ìró náà a sì bá a débẹ̀.

Fọ́tò kíláàsì dé. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Lórí àtàǹpàkò òun nìkan, ọ̀dà funfun wà.

Ó mú fọ́tò náà, ó lọ sílé Alápákó. Ó bá a lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú símẹ́ǹtì tí dókítà fi dì í, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ wo ọwọ́ mi nínú fọ́tò yìí, bàbá. Ìgbà tí mò ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ yín ló yẹ kí n wà. Èmi ni mo fi ọ̀dà sí i láì dè é. Bàbá mi kò mọ̀ nígbà yẹn."

Alápákó wo fọ́tò náà pẹ́. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá rẹ ti wá bẹ̀ mí. Kò dárúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan. Ta ló ní kí o wá?"

"Ọkọ̀ yín, bàbá. Mò ń gbọ́ ọ."

"Èmi náà ń gbọ́ ọ," ni ọkùnrin náà wí jẹ́ẹ́. "Bí mo bá ti dijú, ẹ̀yìn rẹ̀ a tún yọ." Ó dá fọ́tò padà fún un. "Lọ sọ òtítọ́ fún àwọn tó ń pe bàbá rẹ ní afọ́jú. Bí mo bá lè rìn, n óò wá. Ìwọ ni kí o dè é. Kí ẹlòmíràn má fọwọ́ kàn án."

Ọmọbìnrin náà sọ fún wọn, láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ìtìjú. Àwọn oníbàárà kan padà wá, àwọn kan kò wá mọ́.

Lóṣù kẹta, Alápákó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wọ ọgbà, ó jókòó lórí táyà àtijọ́. Ọmọbìnrin náà wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó fi páìpù bọ ìdí sípánà, ó dè é títí tí irin fi kérora. Ó na ọwọ́ sí ọ̀dà tó wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá kò fún un.

"Tún un dè."

Ó tún un dè. Páìpù kò mì mọ́. Bàbá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan wò. Ó na ọ̀dà náà sí i.

"Gbà, Ojú-mi," ló wí.

Alápákó ń fi ẹsẹ̀ kan tiro títí dòní, ìdáríjì kò sì mú ẹsẹ̀ náà gùn sí i. Inú àpótí irinṣẹ́ ni ọmọbìnrin náà fi fọ́tò rẹ̀ sí. Àmì tí a fi sí iṣẹ́, ẹ̀rí ni lójú ẹni tí kò lè wo abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi í ṣáájú iṣẹ́ ti purọ́, bí kò tilẹ̀ lanu. Bí píkọ́ọ̀pù náà bá ń kọjá lójú pópó, ọmọbìnrin náà a dá ọwọ́ dúró, a tẹ́tí, títí ìró rẹ̀ yóò fi jìnnà.