Òòfà Tó Jáde Lára Ẹ̀rọ Gbohùngbohùn

Òòfà kì í fa ènìyàn. Irin ló ń fà, ọmọdé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan nínú igbó ẹ̀yìn Iworo, Sewanu yìnbọn sí ọ̀yà, kò bà á, ó wá ju òòfà rẹ̀ sílẹ̀ láti fi wá èèpo katiríìjì tó já bọ́ sáàrin ewé. Nígbà tó fa okùn òòfà náà sókè, okùn kò dúró ṣánṣán. Ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fà á lọ sí apá ìrà, bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Atẹ́gùn kankan kò sì fẹ́.

Ọmọ Ègùn Iworo ni Sewanu. Ó mọ ìbọn yìn dáadáa, àmọ́ ahun ni, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Èèpo katiríìjì tí àwọn ọdẹ yòókù ń fi sílẹ̀ nínú igbó, òun a ṣà á, a tún rọ ẹ̀tù àti ọta sínú rẹ̀, a sì fi àbẹ́là pupa dí ẹnu rẹ̀. Kò sí ọdẹ mìíràn tó ń lo àbẹ́là pupa ní gbogbo agbègbè náà.

Nínú rẹ̀ ló ti ń fún Gbádéyan, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ará Ṣakí ni Gbádéyan, gáàdì ni lẹ́bàá yunifásítì, ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń ráyè ṣọdẹ. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó gba katiríìjì kan lọ́wọ́ Sewanu, ó wọgbó, kò padà mọ́. Sewanu nìkan ló mọ̀ pé irin ìdí katiríìjì yẹn ti sán, ó sì lè bú mọ́ni lójú. Ó rí i. Ó ní, á ṣì ṣeé yìn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fún un. Láti ọjọ́ náà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun ló ń tu jáde.

Òun náà ló tún wá ṣáájú àwọn tó ń wá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Odidi ọjọ́ méje ló fi jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu láti Iworo dé Kankon: “Gbádéyan o! Níbi yòówù tó o bá wà, dá mi lóhùn!” Ó pè é ní Yorùbá, ó pè é ní Ègùn. Ní ọjọ́ keje, ẹ̀rọ náà jóná. Ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Gbaji tú u, ó yọ òòfà inú rẹ̀, ó fi ta Sewanu lọ́rẹ. Ahun kì í kọ ọ̀fẹ́. Ó so okùn mọ́ ọn, ó sọ ọ́ di ohun tó fi ń ṣa èèpo.

Àwọn ará àdúgbò ní Gbádéyan ti gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ bá obìnrin. Moyọ̀sọ́lá ìyàwó rẹ̀ kò gbà. Kò lè ṣọ̀fọ̀, kò sì lè yọ̀. Alaalẹ́ ló ń bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, tó ń dà á nù láàárọ̀. Bí Sewanu bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, a gba ẹ̀yìnkùlé.

Òòfà fà á dé ìdí àwọn igi ògùrọ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀. Ẹyẹ kankan kò ké. Òórùn ẹ̀tù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ń jáde láti inú omi. Òòfà já wọ inú omi náà, ó dún kọ́ọ́. Nígbà tí Sewanu fà á jáde, èèpo katiríìjì kan ló lẹ̀ mọ́ ọn. Irin ìdí rẹ̀ ti ya, àbẹ́là pupa díẹ̀ ṣì wà létí rẹ̀.

Èyí tó fún Gbádéyan ni. Kó máa lọ, kò lọ. Ó tún ju òòfà. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́tẹ̀ yìí wúwo. Ìbọn Gbádéyan ni, ó mọ aṣọ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń gbé e kọ́ èjìká. Ìdí ìbọn náà ti là bí àgbọn tí wọ́n fi àdá là. Bó ṣe ń fà á, ohun kan dì í mú láti ìsàlẹ̀ omi, kò jẹ́ kó jáde tán.

“Máwù!” ni Sewanu wí, ó ké pe Ọlọ́run ní Ègùn. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé okùn. Òòfà, èèpo àti ìbọn rì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ó tán, kò sẹ́ni tó rí òun. Ó yí ẹ̀yìn padà.

“Sewanu.” Ohùn náà kò le rárá. Bíi ti ẹni tó ń jẹ́ ìpè láti yàrá kejì ni. “O pè mí. Mo ti gbọ́.”

Ọdẹ kì í jẹ́ ìpè inú igbó. Kò dáhùn, kò wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tí omi kún bàtà rẹ̀. Nígbà tó dé etí igbó, ẹsẹ̀ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣáájú. Kò rí ẹnì kankan.

Nígbà tó délé, Moyọ̀sọ́lá ló bá lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé òun.

“Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀gbọ́n.” “Wọ́n kan ilẹ̀kùn mi ní ẹ̀ẹ̀kan. Mo ṣí i, n ò rí ẹnìkankan. Omi ló dà sílẹ̀, èyí sì wà nínú rẹ̀.”

Ó ṣí ọwọ́. Òòfà ni, pẹ̀lú okùn tí ọ̀bẹ gé. Èèpo katiríìjì náà lẹ̀ mọ́ ọn.

“Mo mọ òòfà yín, òun ni mo ṣe gbé e wá. Àbẹ́là pupa yìí ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ta ló ni ín?”

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.

“Èmi ni,” ó wí. “Ó ti sán kí n tó fún un. Mo mọ̀.”

Moyọ̀sọ́lá ń wò ó, omi ń dà lójú obìnrin náà. “Oṣù mẹ́ta,” ó ní. “Oṣù mẹ́ta lẹ fi ń wò mí tí mò ń bu oúnjẹ.” Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró le. “Ẹ mú mi lọ bá a.”

Sewanu bojú wolẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ipasẹ̀ tútù ti tò sórí iyanrìn, ó dorí kọ ìrà. Ti ènìyàn méjì ni, wọ́n jọ ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bàtà gáàdì Gbádéyan ni ti àkọ́kọ́; bàtà èkejì ti ya ní gìgísẹ̀ ọ̀tún. Sewanu gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wò, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ya bẹ́ẹ̀. Ipasẹ̀ tirẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò tíì gbé ìṣísẹ̀ kan padà sí ọ̀nà ìrà.