Ìgbà Tí Ìhanrun Bàbá Sójà Bá Dákẹ́

Bí Bàbá Sójà bá ń hanrun, ìkòkò á máa jó ní kíṣìnì, aláǹgbá á kó ẹrù kúrò lára ògiri. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, àmọ́ imú rẹ̀ ṣì wà lójú ogun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò gbóògùn mọ́. Kí wọ́n tó pè é, ó ti sùn lọ, ló bá bẹ̀rẹ̀. Aláboyún kan di ikùn mú, ó ní ọmọ inú òun fẹ́ sá jáde!

“Ẹ forí jì wá,” ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. “Ó máa tó dákẹ́. Ìgbà yẹn lèmi náà máa ń rí oorun sùn nílé.”

Lóòótọ́, ìhanrun náà dá wáí.

“Ẹ ò rí i? Ọkọ mi dáadáa.”

Nọ́ọ̀sì sáré wá. Àyà Bàbá Sójà ń jà fitafita, èémí kankan ò gba imú. Nọ́ọ̀sì gbọn èjìká rẹ̀. Bàbá Sójà mí gúlọ́ bí ẹni tó yọrí nínú odò, ó fò dìde, ó kí nọ́ọ̀sì bí ológun: “Mo wà níbí, sà!”

“Màmá, ṣé bó ṣe máa ń dákẹ́ nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ìsinmi mi nìyẹn.”

“Kì í ṣe ìsinmi o. Ọ̀nà ọ̀fun ń pa dé ni, èémí á dúró.”

Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. “Yéè! Olówó orí mi ń wá èémí, èmi ń dúpẹ́!”

“Ìyá àwọn ọmọ, má sunkún,” ni Bàbá Sójà wí. “Ọta ìbọn ò rí mi pa, ṣé oorun ló máa wá pa mí ni?”

Nọ́ọ̀sì ní, “A ò ní gbà fún un, bàbá. Àwọn olùwádìí rí i pé ìṣòro yìí sábà máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn àti àtọ̀gbẹ rìn, wọ́n sì ń wò ó láàárín àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì. Wọn ò tíì mọ gbogbo bí ọ̀kan ṣe ń fa èkejì. Dókítà máa yẹ oorun yín wò.”

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fún un ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú bó bá ń sùn. Ó dè é mójú.

“Ìyàwó, ṣé mo rẹwà?”

“Ẹ jọ erin tó ń lọ sógun. Ẹ má bọ́ ọ o, ọkọ mi.”

Ní báyìí, bí ilé bá dákẹ́, ìyàwó á kọ́kọ́ gbọ́wọ́ lé e láyà. Bí àyà náà bá ti ń gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè jẹ́jẹ́, òun náà á sùn. Aláǹgbá ti kó ẹrù wọn padà.

Ẹ̀yin tí ẹnìkejì yín ń hanrun, ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ẹ fetí sí ìdákẹ́ rẹ̀. Bí èémí rẹ̀ bá ń dúró, tó ń ta jí, tí orí ń fọ́ ọ láàárọ̀, tó ń tòògbé kiri lọ́sàn-án, ẹ bá a lọ rí dókítà. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́. Òun ti sùn, kò mọ̀. Bó bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má dá a dúró.