Orúkọ tí Sípíkà Bàámi Kọ̀ Láti Pè

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi Ẹnjiníà, aládùúgbò wa. Ó lè má fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ ti ẹsẹ̀ òsì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà wa títí di òní, kò sì tíì wá gbé e.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé fídíò, kí n sì máa tò ó. Ẹ gbé ti ìgbéyàwó wá, mo gé e. Ẹ gbé ti ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wá, mo gé e. Kò sí fídíò tó borí mi rí, mo sì máa ń fi yangàn. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan gbọ́ mi.

Màámi ló rí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan nísàlẹ̀ àpótí aṣọ. Bàámi, tó jẹ́ atúnrédíòṣe nígbà ayé rẹ̀, ló yà á ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Oníbàárà kan gbé kámẹ́rà wá fún àtúnṣe. Nígbà tí Bàámi tún un ṣe tán, ó fi ya Màámi nínú ṣọ́ọ̀bù láti fi dán an wò. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ni. Bàámi fúnra rẹ̀ kò hàn níbẹ̀ rárá, nítorí òun ló gbé kámẹ́rà dání. Ohùn rẹ̀ nìkan ni a ń gbọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tó ti kú, kò sì síbòmíràn tí ohùn yẹn kù sí.

"Ó pè mí níbẹ̀," ni Màámi wí. "Orúkọ tó máa ń pè mí. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan."

Bàámi ní orúkọ kan tó fi ń pe Màámi. Àwa ọmọ ò mọ̀ ọ́n. Kì í pè é lójú ẹnikẹ́ni. Tí ẹsẹ̀ bá ti dún lẹ́nu ilẹ̀kùn, Màámi ti di "Ìyá àwọn ọmọ" nìyẹn. Ẹ̀rín Màámi nìkan ni a máa ń gbọ́ láti inú yàrá, a ó sì mọ̀ pé ó ti pè é.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú ni etí Màámi. Ti òsì ti dí pátápátá. Ti ọ̀tún ń tẹ̀ lé e. Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ó ní kí ọdún tó parí, ti ọ̀tún náà yóò ti dí, ẹ̀rọ etí tó fi ń gbọ́ràn ò sì ní í wúlò fún un mọ́. Màámi ò sunkún. Ó ní òun kàn fẹ́ gbọ́ orúkọ òun lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó di ìgbà yẹn ni.

Mo ní, "Màámi, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí.

Kásẹ́ẹ̀tì wọ kọ̀ǹpútà láìsí wàhálà. Mo fi íápíìsì sétí nínú yàrá iṣẹ́ mi, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bàámi wúkọ́. Bàámi ní iná ò tó. Ní ìṣẹ́jú keje, ó pe orúkọ náà, ó ní, "Wo ibí." Màámi yíjú, irun rẹ̀ dúdú kirikiri, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ orúkọ yẹn kedere. Ojú tilẹ̀ tì mí díẹ̀, bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn yàrá láì kànkùn.

Ṣùgbọ́n Màámi ò lè fi íápíìsì gbọ́ ọ. Tó bá ti kan ẹ̀rọ etí rẹ̀, súfèé ni ẹ̀rọ náà yóò máa sú. Ohùn kọ̀ǹpútà mi kò sì ká a. Sípíkà kan ṣoṣo ló ń wọ̀ ọ́ létí: èyí tó wà ní pálọ̀, tí Bàámi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Àpótí igi ńlá ni. Bọ́tìnnì tó ń yí ohùn rẹ̀ sókè sódò wà lórí mẹ́rin. Bàámi fi téèpù pupa lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, òun pẹ̀lú rẹ̀ ni. Ó kú, a ò fọwọ́ kàn án. Tí a bá ń gbálẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni à ń gbà kọjá wọ́ọ́rọ́. Pléyà kékeré kan, tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, ló so ó pọ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Mo yọ fídíò náà jáde kúrò nínú kọ̀ǹpútà, mo gbé e sórí fìláàṣì tí a fi ń kó fáìlì, mo ki fìláàṣì bọ ẹ̀yìn pléyà.

Àwòrán wà. Ohùn ò sí. Màámi ti àtijọ́ ń la ẹnu lójú tẹlifíṣọ̀n bí ẹja.

Màámi ti òní fọwọ́ kan etí rẹ̀. "Ṣé ó ti dí ni?"

"Rárá, Màámi. Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan. Pléyà ni. Kò mọ irú ohùn tí mo fi sí i."

Ó mí kanlẹ̀. Èmi náà mí kanlẹ̀.

Mo pààrọ̀ irú ohùn. Mo tún un yọ jáde. Ohùn wá, ṣùgbọ́n ó ń ṣáájú àwòrán. A gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀kùn tó ṣí. A gbọ́ èsì Màámi kó tó la ẹnu.

"Bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn," ni Màámi wí. "Kí n tó béèrè, ó ti dáhùn."

Lọ́jọ́ kejì, mo mú ohùn àti àwòrán bára mu. Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé. Ikọ́ wà níbẹ̀. Iná tí kò tó wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú keje dé. Sípíkà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Màámi yíjú lójú tẹlifíṣọ̀n, ó rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò pè é. Ohùn sì padà.

Mo sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà. Orúkọ náà wà níbẹ̀ kedere. Mo tún un yọ jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo jókòó, mò ń wo ìlà kékeré ojú kọ̀ǹpútà tó ń fi hàn bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, bó ṣe ń gùn títí dé ọgọ́rùn-ún. Mo pààrọ̀ fìláàṣì. Mo pààrọ̀ wáyà. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú fídíò náà ń jáde, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a ń wá. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú pléyà náà. Pléyà ò fèsì.

Ọjọ́ kẹta ni Màámi ní kí n pe Ẹnjiníà. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́ ẹnjiníà rẹ̀. Téṣítà kan tí wọ́n fi ń yẹ iná wò ló máa ń wà ní àpò àyà rẹ̀, mi ò sì rí i kó fi tẹ́ẹ̀sì nǹkan kan rí. Àgbà ni, nítorí náà mo fara balẹ̀.

"Ṣé ẹ ti pa á, kẹ́ ẹ tún tàn án?" ó bi mí.

"A ti pa á, a ti tàn án, Ẹnjiníà. Ó tó ìgbà ogún."

"Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ibi tí fìláàṣì ń wọ̀ ńkọ́?"

"A ti fẹ́ ẹ."

"Hẹn-ẹn." Ó mi orí bí dókítà. "Iṣẹ́ wà níbẹ̀."

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn sì ń ràn lu tẹlifíṣọ̀n. Mo fa kọ́tìnnì pọ̀. Pálọ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Mo pa fáànù, nítorí ariwo rẹ̀ máa ń dà Màámi létí rú. Ooru mú. Aago ara ògiri nìkan ló ń dún. Màámi jókòó sórí àga rẹ̀. Èmi kúnlẹ̀ sídìí pléyà. Ẹnjiníà ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà.

Mo tẹ rìmóòtù. Ikọ́. Iná ò tó. Ìṣẹ́jú keje.

Sípíkà dákẹ́.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà máa ń jẹ́. Mo ti kà á àkàtúnkà. Lọ́jọ́ yẹn, mo ka mẹ́rin, mo ka márùn-ún, mo ka mẹ́wàá. Màámi yíjú lójú tẹlifíṣọ̀n. Kò rẹ́rìn-ín. Kò wo kámẹ́rà. Ó ń wo ẹ̀yìn wa.

A gbọ́ bí ẹnì kan ṣe fa àpótí ìjókòó lórí sìmẹ́ńtì. Nínú sípíkà ló ti dún. Ẹnì kan tún ọ̀fun ṣe.

"Ta ló fọwọ́ kan bọ́tìnnì mi?"

Ohùn Bàámi ni.

Mo mọ kásẹ́ẹ̀tì yẹn bí ẹni mọ ojú ara rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ yẹn níbẹ̀. Irun ọrùn mi dìde. Mo wo bọ́tìnnì. Téèpù pupa ti ya. Bọ́tìnnì wà lórí mẹ́fà. Mo wo Màámi. Màámi yí ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wo Ẹnjiníà.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló kọjú sí sípíkà.

"Mo kàn ní kó lè ròkè díẹ̀ ni, sà," ni Ẹnjiníà wí. "Ẹ má bínú, sà."

Aago dún. Ó tún dún.

"Dá a padà."

Ẹnjiníà fi orúnkún rìn débẹ̀. Ó dá bọ́tìnnì padà sórí mẹ́rin, ó fi àtàǹpàkò tẹ téèpù náà mọ́ ọn, ó dìde, ó sì jáde. Kò kí wa. Kò wẹ̀yìn. Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tí a gbọ́ níta, ìkan ní bàtà, ìkan ò ní.

Fídíò ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, títí ó fi parí. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní í purọ́. Mo na ọwọ́ láti yọ wáyà iná.

"Fi í sílẹ̀," ni Màámi wí. Ẹ̀rín ló ń rín. "Kò yí padà rárá." Ó yíjú sí mi. "Àbígbẹ̀yìn, gbogbo ìgbà tó kọ̀ tí kò pè mí, ta ló wà ní pálọ̀ pẹ̀lú mi?"

"Èmi ni, Màámi. Èmi ni mò ń tẹ rìmóòtù."

"Ìgbà wo ló pe orúkọ yẹn lójú rẹ rí?"

"Ṣùgbọ́n Màámi, fáìlì ni. Fáìlì ò mọ ẹni tó wà ní pálọ̀."

"Fáìlì ò mọ̀. Bàbá rẹ mọ̀."

Ó gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi. Ó fi nǹkan kékeré kan sí mi lọ́wọ́. Mo rò pé fìláàṣì kejì ni, mi ò tilẹ̀ wò ó, mo sọ ọ́ sápò. Ó ní kí n jáde, kí n sì fa ilẹ̀kùn dé dáadáa.

Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ikọ́. Mo gbọ́ iná tí kò tó. Ìṣẹ́jú keje dé, gbogbo ilé sì dákẹ́. Mi ò kà á mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín méjì ni, ti ọ̀dọ́bìnrin àti ti àgbàlagbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pa pọ̀, wọ́n sì parí pa pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́jẹ́. Ti Màámi nìkan ló ń ta sí mi létí.

"Rárá o," ó ń wí. "Kò tíì mú ẹnikẹ́ni wálé. Ó ní iṣẹ́ lòun ń ṣe." Ó dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. "Mo ti sọ fún un. Ṣé ó ń gbọ́ ni?"

Mo kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó yẹ kó máa gbọ́ irú ìyẹn nípa ara rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó wà láyé, ká má tíì sọ ti ẹni tí kò sí.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni fídíò náà. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ojú Màámi tutù, ara rẹ̀ sì balẹ̀.

"Ó pè mí," ó wí. "Ó ní o ṣeun. Ó ní iṣẹ́ rẹ dáa, àmọ́ ariwo rẹ pọ̀. Ó ní téèpù pupa tuntun wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, kí o pààrọ̀ èyí tí Ẹnjiníà fà ya."

Ó kọjá lọ sí kíṣìnnì.

Mo ṣí dúrọ́ọ̀. Téèpù pupa wà níbẹ̀, a ò tíì bó ọ̀rá ara rẹ̀. Mo sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà, mo fi íápíìsì sétí, mo lọ tààrà sí ìṣẹ́jú keje. Màámi yíjú. Màámi rẹ́rìn-ín. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì gan-an sínú ẹ̀rọ. Bákan náà ni. Mo ní kò burú, ṣebí èmi náà ti gbọ́ ọ, màá pè é fúnra mi. Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Orúkọ tí mo fi etí ara mi gbọ́ ní ìjẹta, ó ti lọ pátápátá, mi ò tilẹ̀ rántí lẹ́tà tó fi bẹ̀rẹ̀.

Mo lọ bá Màámi ní kíṣìnnì. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń fọ àwo.

"Màámi, kí lorúkọ yẹn?"

Kò yíjú.

"Màámi!"

Ó ń kọrin jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀. Mo pariwo lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ mira. Ìgbà yẹn ni mo ki ọwọ́ bọ àpò. Kì í ṣe fìláàṣì. Ẹ̀rọ etí rẹ̀ ni. Ọwọ́ mi ló wà láti ìgbà tó ti ní kí n fa ilẹ̀kùn dé.

Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ó yíjú, ó rí ohun tí mo nà sí i, ó sì fi ọwọ́ olómi ká ìka mi padà lé e lórí.

"Mú un dání ná," ó wí. "Ohun tí mo fẹ́ gbọ́, mo ti gbọ́ ọ."