Oògùn Ejìnrìn ní Ajido

Zinsu ń kó ẹja sínú apẹ̀rẹ̀ létí ọ̀sà nígbà tí obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó sì rì sínú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Kò pariwo. Ó gbé àpótí tó dì mọ́ra sókè.

"Ẹ kọ́kọ́ gba èyí. Èmi ṣeé fọ̀, òun ò ṣeé fọ̀."

Zinsu gba àpótí, ọkàn rẹ̀ sì bá ẹni tó ni àpótí lọ.

Gbémisọ́lá ni wọ́n ń pè é. Ó wá wádìí bóyá lóòótọ́ ni ejìnrìn ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ogún obìnrin tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra ló fún ní agolo oògùn kọ̀ọ̀kan, ìyá Zinsu sì wà lára wọn. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ejìnrìn wà nínú agolo mẹ́wàá, ìyẹ̀fun lásán wà nínú mẹ́wàá yòókù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mọ tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n má pa oògùn ilé ìwòsàn tì.

Oṣù mẹ́fà ni Zinsu fi ń fi ọkọ̀ gbé e wá gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò, tó ń gbé e lọ.

"Dókítà, ṣé ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá wa nìkan lẹ mọ̀ ọ́n gbà ni?"

"Mú ìka tìrẹ wá, alásọjù."

Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "ìwọ", tí ìfẹ́ sì wọ̀ wọ́n lára.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Zinsu bá àwọn ìyá nídìí ààrò tí wọ́n ti ń yan ẹja. Wọ́n ti da oògùn gbogbo agolo sínú abọ́ kan, wọ́n ń pín in lọ́gbọọgba.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

"Bá a ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ta ni ká wá máa wò kó máa gbé ìyẹ̀fun mì?"

Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ti dàrú. Ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

"Má sọ fún un o! Bó bá gbọ́, kò ní padà wá mọ́. Fẹ́ ẹ ná."

Lọ́jọ́ kejì, láàárín ọ̀sà, Zinsu sọ ọ́. Ojú Gbémisọ́lá ràn.

"Lọ́la ni mo fẹ́ ka èsì yẹn, tó ní ejìnrìn ń ṣiṣẹ́, síwájú àwọn ọ̀gá mi. Kí ló dé tó ò dákẹ́?"

"Ẹnì kan lè gbà á gbọ́, kó pa oògùn ilé ìwòsàn tì, kó kú. Mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìyẹn fẹ́ ìyàwó."

"Gbé mi lọ sébùúté."

Ó lọ láì wẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò pè, kò sì gbé ìpè. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ti Zinsu kò tiẹ̀ rí ẹni bá a ná an. Ó rù, kò jẹun. Ìyá rẹ̀ kò yéé bú u.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Gbémisọ́lá dé sídìí ààrò pẹ̀lú ẹrù agolo tuntun.

"Mo jẹ́wọ́ fún àwọn ọ̀gá mi. Wọ́n bú mi dáadáa, wọ́n ní kí n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, oríṣi kan fún gbogbo Ajido, oríṣi kejì fún gbogbo ìlú Ikoga. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ máa pín in bó ṣe wù yín."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Zinsu, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Inú bí mi sí ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé òun máa pàdánù mi, tó ṣì sọ òótọ́ fún mi, ibo ni mo ti fẹ́ rí irú ẹ̀? Ìgbà wo ni ìwọ àti ìyá ẹ ń bọ̀ wá rí bàbá mi?"

Kí Zinsu tó dáhùn, ìyá rẹ̀ ti ju ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Sátidé yìí ni o!"